Orí Keje: Ta Ló Yẹ Kó Bọ́ Síwájú? Kọ́ọ̀lù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Àìṣègbè Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:
1. ṣàlàyé ìdí tí ohùn kò fi lè fara da ìdádúró bíi ti fídíò tàbí lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì;
2. ṣírò iye àkókò tí pákẹ́ẹ̀tì ohùn kan ń lò lórí ìlà;
3. mọ ìyàtọ̀ láàárín àǹfààní tí a fún irú iṣẹ́ kan àti ojúsàájú sí ẹni tó ni iṣẹ́ náà;
4. sọ ibi tí òfin Nàìjíríà dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

7.1 Ẹ̀rọ ìlọta kan ní Ṣàṣà

Bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù ní Ṣàṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìlà á ti gùn níwájú ẹ̀rọ ìlọta. Ènìyàn kọ́ ló ń tò, abọ́ àti ike ni. Ẹni tó gbé ike rẹ̀ sílẹ̀ lè yà lọ ra ẹja, ike náà ni yóò bá a di àyè rẹ̀ mú. Ká ní ìyá olóúnjẹ kan gbé ike ńlá méjì wá, tí tàtàṣé, tòmátò àti àlùbọ́sà kún wọn dẹ́nu. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọdé kan dé sí pẹ̀lú abọ́ kékeré: ata rodo mẹ́wàá, tòmátò mẹ́ta. Oníẹ̀rọ wò ó, ó ní, "Ọmọ, gbé tìẹ wá." Kí ìyá olóúnjẹ tó mí kanlẹ̀, ata ọmọ náà ti kúná. Ìyá náà kò bínú. Ohun tí wọ́n fi gba iwájú rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ike méjì tirẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ jẹ́ ká wá yí ìtàn náà padà lọ́nà mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, abọ́ kékeré méjì dé pọ̀. Oníẹ̀rọ mú ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kí ti àlejò dúró. Ní ọjọ́ kẹta, ẹni tó bá ki igba náírà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ló ń kọjá síwájú, ìbáà jẹ́ ike ńlá ló gbé wá. Ní ọjọ́ kẹrin, oníẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ata lílọ nínú ọ̀rá, àtìgbà náà sì ni ẹ̀rọ ti ń yọ àwọn tó ń gbé ata wá láti ọjà lẹ́nu.

Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi yí ìlà po, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ nìkan ni gbogbo àdúgbò lè fara mọ́. Níbẹ̀, irú iṣẹ́ ni oníẹ̀rọ wò. Nínú mẹ́ta tó kù, ẹni tó ni iṣẹ́ tàbí owó ọwọ́ rẹ̀ ló wò. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni kókó orí yìí, nítorí pé bí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń to ìlà kò yàtọ̀ sí ti oníẹ̀rọ.

7.2 Bí ohùn ṣe ń di pákẹ́ẹ̀tì

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù kì í fi ohùn wa ránṣẹ́ lódindi. Ó ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Gígùn ègé tó wọ́pọ̀ ni 20 mílísẹ́kọ́ǹdì. Mílísẹ́kọ́ǹdì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Fóònù á kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí ègé kọ̀ọ̀kan lára, a ó sì máa pè é ní pákẹ́ẹ̀tì. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 irú rẹ̀ ló ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi G.711 ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń sọ ohùn di nọ́ńbà. Ohùn 20 mílísẹ́kọ́ǹdì jẹ́ 160 báìtì. Àdírẹ́ẹ̀sì àti àwọn àmì tó kù jẹ́ 40 báìtì. Pákẹ́ẹ̀tì kan wá di 200 báìtì. Nítorí náà:

200 báìtì × 8 bíìtì × 50 pákẹ́ẹ̀tì = 80,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìyẹn ni 80 kílóbíìtì. Lórí ìlà tó lè gbé 10 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá, bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọn yóò lò. Àwọn ọ̀nà tuntun bíi Opus tilẹ̀ lè lò kéré sí èyí. Abọ́ kékeré ni ohùn jẹ́.

Ohun tí ohùn kò lè fara dà ni dídúró. ITU, àjọ àgbáyé fún ètò ìbánisọ̀rọ̀, là á sílẹ̀ nínú ìlànà rẹ̀ tó ń jẹ́ G.114 pé bí ohùn bá kúrò lẹ́nu tó sì dé etí kí 150 mílísẹ́kọ́ǹdì tó pé, ọ̀rọ̀ á máa lọ geere. Bó bá ti kọjá 400, kò ṣe é fara mọ́. Láàárín méjèèjì ni ẹni méjì ti máa ń sọ̀rọ̀ lu ara wọn, tí àwọn méjèèjì á tún dákẹ́ pọ̀, tí oníkálukú á máa retí ẹnìkejì.

Àìsàn mẹ́ta ló ń ṣe kọ́ọ̀lù orí íntánẹ́ẹ̀tì:
• Ìdádúró: pákẹ́ẹ̀tì pẹ́ kó tó dé.
• Ìdé ségesège: èyí àkọ́kọ́ dé kíá, èkejì pẹ́, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e rọ́ dé pọ̀.
• Ìsọnù: pákẹ́ẹ̀tì kò dé rárá, ohùn sì já.

Fídíò tí a ń wò lórí YouTube kì í jìyà báyìí, nítorí pé fóònù ti ń kó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan pamọ́ ṣáájú ibi tí a ń wò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kó ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ kò tíì sọ pamọ́.

7.3 Ìṣirò kan tó yẹ ká ṣe pọ̀

Gbà pé agogo mẹ́jọ alẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ èrò ti wọlé dé láti ibi iṣẹ́, gbogbo wọn ti gbé fóònù. Ọ̀nà tó kù fún ilé kan kò ju 1 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá lọ. Pákẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́wàá ti wà lórí ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 1,500 báìtì. Pákẹ́ẹ̀tì ohùn kan dé sẹ́yìn wọn.

Pákẹ́ẹ̀tì fídíò kan: 1,500 × 8 = 12,000 bíìtì, tí yóò gba 12 mílísẹ́kọ́ǹdì.
Mẹ́wàá wọn: 120 mílísẹ́kọ́ǹdì.
Pákẹ́ẹ̀tì ohùn: 200 × 8 = 1,600 bíìtì, tí yóò gba 1.6 mílísẹ́kọ́ǹdì.
Àpapọ̀: 121.6 mílísẹ́kọ́ǹdì.

Nínú 150 tí ITU fún wa, 28.4 ló ṣẹ́ kù. Ká ní ẹ̀gbọ́n oníkọ́ọ̀lù ń gbé ní Yúróòpù ńkọ́? Wáyà abẹ́ òkun MainOne, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Èkó dé Potogí. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà bẹ́ẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà abẹ́ omi nìkan á gba 35 mílísẹ́kọ́ǹdì. Kí ohùn náà tó gúnlẹ̀ sí Potogí, ó ti jẹ gbèsè.

Bí ráútà, ẹ̀rọ tó ń darí àwọn pákẹ́ẹ̀tì, bá wá pe ohùn síwájú, ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé yóò dúró de pákẹ́ẹ̀tì fídíò kan ṣoṣo tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá: 12 + 1.6 = 13.6 mílísẹ́kọ́ǹdì. Bá a bá fi ti abẹ́ òkun kún un, ó di 48.6. Àwọn fídíò tó kù fi 1.6 mílísẹ́kọ́ǹdì péré ṣàánú. Ẹni tó ń wò wọ́n kò ní mọ̀ rárá.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìṣirò yìí. Èkíní, fífi ohùn síwájú kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́, ọgbọ́n ni. Èkejì, ìṣáájú kì í bí ọ̀nà tuntun. Bí gbogbo pákẹ́ẹ̀tì bá di ti iwájú, kò sí èyí tó wà níwájú mọ́. Àdúgbò tí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ kò tó nǹkan ṣì nílò òpó sí i.

7.4 Kí ni àìṣègbè nẹ́tíwọ̀ọ̀kì?

Tim Wu, onímọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di mímọ̀ nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní ọdún 2003. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ẹni tó ń ta ọ̀nà kò gbọdọ̀ ṣègbè láàárín àwọn ohun tó ń gba ọ̀nà náà kọjá. Èèwọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń bí:

Dídí ọ̀nà: kí iléeṣẹ́ má jẹ̀ẹ́ kí oníbàárà dé ibi tí òfin kò kà léèwọ̀.
Fífà sẹ́yìn: kí ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ kan máa fà nígbà tí òmíràn tó jọ ọ́ ń sáré.
Owó ìṣáájú: kí ó gba owó lọ́wọ́ ẹni kan kó lè gbé e gorí àwọn yòókù.

Àwọn tó ṣe òfin mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ẹnì kan kò bójú tó kò ní ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2015 fi gba ìṣàkóso tó bọ́gbọ́n mu láàyè: iléeṣẹ́ lè ya irú iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ nítorí ohun tí iṣẹ́ náà nílò ní ti ẹ̀rọ, kì í ṣe nítorí èrè tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ abọ́ kékeré náà ni wọ́n kọ sínú òfin.

7.5 Kọ́ọ̀lù méjì láti inú fóònù kan

Oníṣòwò kan ní Ṣàṣà fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà bí a ṣe ń pè tẹ́lẹ̀. Ohùn já gaara. Owó tán lórí fóònù, ṣùgbọ́n dátà ṣì kù, ó bá bọ́ sórí WhatsApp.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń gbọ́ mi?"
"Ohùn ẹ ń já. Kí lo wí?"
"Mo ní ṣé ẹ ti rí owó yẹn?"
"Owó wo?"

Síìmù kan náà, fóònù kan náà, òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan náà. Kí ló dé?

Lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 4G, ohùn tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń tà lè gba orí ọ̀nà dátà kọjá. VoLTE ni orúkọ rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ Smile àti ntel ti gbé e wọ Nàìjíríà láti ọdún 2016. Ìlànà àgbáyé fún 4G pín ohun tó ń kọjá sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Ohùn VoLTE wà ní ẹ̀ka 1: a ti fi àyè sílẹ̀ dè é, ìdádúró tí a gbà láàyè fún un láàárín fóònù àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò ju 100 mílísẹ́kọ́ǹdì lọ. Dátà gbogbo ènìyàn sábà máa ń wà ní ẹ̀ka 9: kò sí àyè tí a fi dè é, ìdádúró rẹ̀ sì lè tó 300. Ẹ̀ka 9 yìí ni WhatsApp bá ara rẹ̀, òun pẹ̀lú fídíò, eré orí fóònù àti gbogbo ohun tí ará àdúgbò ń gbà sílẹ̀. Alímọ̀ṣọ́ sì ni: nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ènìyàn ni wọ́n kà níbẹ̀.

Ṣé ègbè ni, àbí kì í ṣe ègbè? Ẹ má kánjú dáhùn. Bí a bá wo irú iṣẹ́, ohùn ni méjèèjì. Ìlò wọn ò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n VoLTE kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì tí a rà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, iléeṣẹ́ ń gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ènìyàn bá fẹ́ pe 112 nítorí jàǹbá. Òfin Yúróòpù gba irú iṣẹ́ ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀ láàyè, bí kò bá ti jẹ íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ènìyàn tán. Ìdájọ́ orí yìí náà nìyẹn: kí VoLTE wà ní ẹ̀ka 1 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ bá na ọwọ́ sí ẹ̀ka 9, tó wá kọ́ọ̀lù WhatsApp rí níbẹ̀, tó sì fà á sẹ́yìn kí oníbàárà lè padà sórí kọ́ọ̀lù olówó.

Ìṣòro kan tún wà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Orí pákẹ́ẹ̀tì ní àyè bíìtì mẹ́fà tí a lè fi kọ àmì irú iṣẹ́ sí. Ó lè gba àmì 64, 46 sì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun tí kò lè dúró, bí ohùn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan kì í sábà gba àmì tí ará ìta kọ gbọ́. Bó bá gbà á, gbogbo ènìyàn ni yóò kọ 46 sí ẹrù wọn. WhatsApp sì ti ti ohùn mọ́ inú àpótí, kò sí ẹni tó lè ṣí i wò lójú ọ̀nà. Ìwọ̀n àti ìlù ìrìn rẹ̀ nìkan ni iléeṣẹ́ lè fi fura pé ohùn ni. Ibi tí kò sí ewu ni ráútà inú ilé: ẹni tó rà á lè tò ó kí kọ́ọ̀lù máa ṣáájú fídíò, nítorí pé òun ló ni ẹrù méjèèjì.

7.6 Bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa

Ní ọdún 2001, nígbà tí GSM dé Nàìjíríà, ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 285 mílíọ̀nù dọ́là, kọ́ọ̀lù ìṣẹ́jú kan sì tó 50 náírà. Ohùn ni ọjà, ohùn lowó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Glo dé pẹ̀lú owó ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí WhatsApp fi kọ́ọ̀lù kún iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2015, ohun tó ń pa owó wọlé di ohun tí dátà díẹ̀ lè ṣe.

Níbòmíràn, àwọn iléeṣẹ́ ti gbìyànjú láti dí ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2005, iléeṣẹ́ tẹlifóònù Madison River ní North Carolina dí kọ́ọ̀lù Vonage, iléeṣẹ́ tó ń ta kọ́ọ̀lù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ ìjọba FCC dá sí i, iléeṣẹ́ náà san 15,000 dọ́là, ó sì ṣí ọ̀nà. Ní Mòrókò, ní oṣù kìíní ọdún 2016, àwọn iléeṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dí kọ́ọ̀lù WhatsApp, Skype àti Viber. Ariwo ta. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ṣí i padà.

Nàìjíríà kò tọ ọ̀nà yẹn. Ní ọdún 2016 kan náà, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa, sọ pé àwọn kò ní in lọ́kàn láti fi òfin de irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ náà gbé ìlànà ìṣe fún íntánẹ́ẹ̀tì jáde. Ìlànà náà sọ pé iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ dí ohun tí òfin gbà láàyè, kò gbọdọ̀ fà á sẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ fi ìṣáájú ṣòwò. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ìṣàkóso tó bọ́gbọ́n mu, ó sì ní kí iléeṣẹ́ jẹ́ kí oníbàárà mọ bí òun ṣe ń ṣe é.

Ẹ má fi èyí pọ̀ mọ́ àṣẹ ìjọba. Nígbà tí a kò rí Twitter lò ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba ló pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ dí i. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá ìjọba lẹ́bi ní oṣù keje ọdún 2022. Orí ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà kà, kì í ṣe bí iléeṣẹ́ ṣe ń to ìlà.

7.7 Ẹjọ́ iléeṣẹ́ àti ẹjọ́ oníbàárà

Iléeṣẹ́ ní ẹjọ́ tó ń rò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, àwọn iléeṣẹ́ MTN àti Mafab fi 273.6 mílíọ̀nù dọ́là, ẹnì kọ̀ọ̀kan, gba àyè 5G. Iná kò dúró, epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbé ọ̀pọ̀ òpó ró. WhatsApp kò ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní Ṣàṣà, síbẹ̀ orí òpó yẹn ló ti ń gba oníbàárà kọ́ọ̀lù. Àwọn Yorùbá sì ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí iléeṣẹ́ bá fi ti tirẹ̀ síwájú, kí ló burú?

Ohun tó burú ni pé oníbàárà ti sanwó ìlẹ̀kẹ̀. Dátà tí WhatsApp ń gùn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Oníṣòwò Ṣàṣà ló rà á. Nígbà tí owó tí iléeṣẹ́ ń gbà kò tó wọn mọ́, NCC dá sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025, ó gbà kí wọ́n fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ojú ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà wá owó nìyẹn: gbangba, níwájú àjọ, kí oníbàárà lè rí i kó sì kígbe. Ẹni tó fi ìdádúró gba owó kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí iye tó gbà.

Ewu mìíràn wà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. WhatsApp lówó láti san owó ìṣáájú. Ọ̀dọ́ kan ní Ẹgbẹ́dá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kọ́ọ̀lù tirẹ̀ kò ní in. Bí ìṣáájú bá di ọjà, ọmọ náà kò ní dé iwájú láéláé.

7.8 Àkótán

Ohùn kéré níwọ̀n, ṣùgbọ́n kò lè dúró. Nítorí náà ó bọ́gbọ́n mu pé kó ṣáájú. Ohùn ta ni kò yẹ kó jẹ́ ìbéèrè. Ìlànà NCC ti ọdún 2019 fi ara mọ́ èyí. VoLTE jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tí a lè fi àyè sílẹ̀ dè, bí kò bá ti di ohun tí a fi ń pa íntánẹ́ẹ̀tì lára.

Ìdánrawò

1. Mẹ́nu ba àìsàn mẹ́ta tó ń ṣe kọ́ọ̀lù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o sì sọ èyí tó ń jẹ́ kí ohùn já.
2. Tún ìṣirò 7.3 ṣe pẹ̀lú pákẹ́ẹ̀tì fídíò ogún àti ìlà tó ń gbé 2 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá. Kí lo rí?
3. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí oníẹ̀rọ ìlọta fi yí ìlà po, èwo ló bá ti Madison River mu? Sọ ìdí rẹ.
4. Iléeṣẹ́ kan kéde pé láti agogo méje sí mẹ́wàá alẹ́, gbogbo kọ́ọ̀lù, ti ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, yóò máa ṣáájú fídíò. Ṣé ó rú ìlànà? Rò ó síwá, rò ó sẹ́yìn.
5. Fún ọjọ́ méje, fi WhatsApp pe ẹnì kan náà ní agogo méjì ọ̀sán àti agogo mẹ́jọ alẹ́. Kọ iye ìgbà tí ohùn já sílẹ̀. Ṣe bákan náà pẹ̀lú kọ́ọ̀lù lásán. Gbé àbájáde rẹ wá sí kíláàsì, ṣùgbọ́n má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kò dáa nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ègbè.